Bí mo ṣe sọ kóòdù jQuery kan di tuntun, àti ibi tí mo ti nílò RxJS

Ìkànnì kan tí wọ́n fi ń ta aṣọ ni wọ́n gbé fún mi pé kí n bá wọn tún kóòdù rẹ̀ ṣe. jQuery, àkójọ kóòdù JavaScript tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún wa láti lò, ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Kò yà mí lẹ́nu. Láti 2006 tí John Resig ti gbé e jáde ló ti ń gbà wá lọ́wọ́ Internet Explorer àti àwọn bíráósà tí ẹnu wọn ò kò.

Ibi tó rọrùn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. `$('#apoti')` di `document.querySelector('#apoti')`, `$.ajax` di `fetch`, `var` di `const`. Àwọn callback (iṣẹ́ tí a ní kí kóòdù ṣe tí èsì bá dé) tí ọ̀kan wà nínú èkejì, tí òmíràn tún wà nínú ìyẹn, mo fi `async/await` tó wọ JavaScript ní 2017, tó ń jẹ́ kí kóòdù dúró de èsì, tú wọn. Iṣẹ́ tó ń súni ni, ṣùgbọ́n kóòdù náà wá ṣeé kà láti òkè délẹ̀.

Àpótí ìwákiri ló wá di wàhálà. Mo dín ìyára íntánẹ́ẹ̀tì kù nínú DevTools, irinṣẹ́ àyẹ̀wò tó wà nínú bíráósà, mo tẹ "adi", mo sinmi díẹ̀, mo wá tẹ̀ ẹ́ parí sí "adire". Èsì "adire" ló kọ́kọ́ dé. Kò pẹ́ ni èsì "adi" tó ti há sọ́nà wọlé, ló bá bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Àdìrẹ ni oníbàárà béèrè, ẹ̀wù Adidas ló ń wò! `await` kò lè wo èyí sàn, torí kò mọ ìbéèrè tó dé kẹ́yìn.

RxJS, àkójọ kóòdù JavaScript fún ohun tó ń wọlé léraléra bí ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń tẹ̀, ni mo mú síbẹ̀:

```
fromEvent(apoti, 'input').pipe(
  map(e => e.target.value.trim()),
  debounceTime(300),
  distinctUntilChanged(),
  switchMap(oro => wa(oro).pipe(catchError(() => of([]))))
).subscribe(fihan)
```

`debounceTime` ń dúró kí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sinmi fún 300 mílísẹ́kọ́ọ̀ndì. `switchMap` ló ṣe iṣẹ́ gan-an: bí ọ̀rọ̀ tuntun bá ti wọlé, ó pa ìbéèrè àtijọ́ tì. Ká ní `mergeMap` ni, tó ń jẹ́ kí gbogbo ìbéèrè máa lọ pọ̀, Adidas á ṣì máa yọjú. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú `catchError` tó ń gba àṣìṣe mú o: inú `switchMap` ló gbọ́dọ̀ wà. Tí ẹ bá gbé e síta, àṣìṣe kan péré ti tó, àpótí náà ò ní dáhùn mọ́.

`AbortController` tó ń dá ìbéèrè dúró àti `setTimeout` tó ń ka àkókò, tí àwọn méjèèjì ti wà nínú bíráósà, lè ṣe é náà, àmọ́ èmi ni màá máa rántí èwo ni kí n dá dúró. Ẹnì kan ní kí a kúkú fi RxJS kọ gbogbo rẹ̀. Mo kọ̀. Bọ́tìnnì "Sanwó" tí èèyàn ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, `addEventListener` tí bíráósà fi ń gbọ́ títẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti tó o.

jQuery ṣì wà níbẹ̀ ṣá, torí kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi ń yan ọjọ́ tí ẹrù máa dé kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, oníṣọ́ọ̀bù sì ní òun ò tíì ní owó láti pààrọ̀ kàlẹ́ńdà náà.