Ẹ ka ojú oníbàárà kẹ́ ẹ tó dárúkọ owó

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ fẹ́ máa ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí, ẹ má tètè gba ohun tí oníbàárà bá fẹnu sọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹnu á ní òun kàn ń wò kiri ni, ojú á ti mú aṣọ.

Ẹ ṣọ́ ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Bí ẹlẹ́kọ, àdìrẹ tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí, bá wù ú, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á gbójú kúrò kíá, á wá fa oníko, èyí tí a fi okùn so kí a tó rẹ ẹ́ láró, yọ, á ní, "Ìyá, èló lèyí?" Ó ń dẹ yín wò ni. Ẹ dá a lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ ẹlẹ́kọ yẹn sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ojú á padà síbẹ̀.

Tí ìnájà bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí òṣé bí yín nínú. Ẹni tó pòṣé, tó yínmú, tí ojú rẹ̀ ò kúrò lára aṣọ, owó ló ń bá jà. Ẹ dín in díẹ̀. Èyí tó pòṣé tó ti ń wo ìsọ̀ kejì, ó ti lọ nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ pè é. Ti ẹlẹ́rìn-ín ló le: bí ó bá gbọ́ iye owó, tó fẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín, tó wá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ ti kọjá àyè ara yín. Ọ̀rọ̀ tó ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in.

Bí wọ́n bá sì jẹ́ méjì, ẹnìkejì ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ó lè ṣẹ́jú péré, ẹni tó ti fẹ́ sanwó á ní owó òun ò pé. Èmi a máa tètè kí i, màá bi í pé, "Àǹtí, èwo ló máa yẹ ọ̀rẹ́ yín nínú méjèèjì?" Tó bá ti fi lè yan ọ̀kan, òun náà ló máa bá mi tà á.

Ọmọ tí wọ́n rán wá, tó ń wolẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ ilé ni, ẹ má pè é lólè. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ní tiwọn á tẹjú mọ́ yín títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀ tán. Kì í ṣe àfojúdi. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni wọ́n ń pè ní aláìfetísílẹ̀.

Ojú tiyín ńkọ́? Bí wọ́n bá dá ìdajì owó, ẹ má fajúro, ẹ má fẹjú mọ́ wọn. Ẹ tújú ká, kẹ́ ẹ ní, "Ẹ fi kún un." Ibi tó ti nira ni bí wọ́n bá dá ju iye tẹ́ ẹ ń retí lọ. Eyín ò gbọdọ̀ hàn o! Èmi a máa dorí kodò, màá máa ká aṣọ mìíràn, màá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ń ro àdánù, kí n tó ní, "Ó dáa, ẹ mówó wá."