Ó ti dé láti ilé ìwòsàn, ara kò tíì yá: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nílé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ farapa

Ọjọ́ tí dókítà bá ti ní kí ẹni tó fi orí gbá títì máa lọ sílé ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń ka àìsàn náà sí ohun tó ti tán. Wọ́n á mú owó ìdúpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí wọ́n ṣe sàráà, ará àdúgbò á sì máa wọlé kí wọn kú ewu. Ọpẹ́ yẹ. Àmọ́ apá tó gùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ará ilé tí kò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni yóò sì ṣe é.

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n gbé jáde ní Glasgow, ní Scotland, lọ́dún 1974. Òun ni àwọn dókítà fi ń wo bí aláìsàn ṣe ń lajú, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń gbé ara. Máàkì 15 ni ti ẹni tí ojú rẹ̀ là kedere; 3 ló kéré jù. Ẹni tó bá gba 8 wálẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé ìfarapa rẹ̀ le. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í jí bí ẹni tó sùn. Ó lè lajú kó má mọ ẹnì kankan, ó lè bá yín sọ̀rọ̀ lónìí kó má rántí lọ́la. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni àyípadà sábà máa ń yá jù, ṣùgbọ́n ara ṣì lè máa bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹni tó bá wá sọ lóṣù kẹta pé "bó ṣe máa wà nìyẹn", ẹ má dá a lóhùn.

Àṣìṣe tó bà mí lẹ́rù jù ni ti oúnjẹ. Ìyá á gbé orí ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà lé itan, á bu ẹ̀kọ mímu, á sì máa rọ ọ́ bí ìgbà tó wà ní ìkókó. Ìfẹ́ ni, ó sì léwu. Àwọn iṣan ọ̀fun lè má tíì máa bá ara wọn ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ náà á wá gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn aláìsàn mìíràn kì í tilẹ̀ wúkọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan ni ara á gbóná, tí wọ́n á máa ra oògùn ibà kiri. Omi lásán sì sábà máa ń ṣòro ju ohun tó ki lọ, torí ó máa ń sáré kọjá kí ọ̀fun tó múra. Ẹ gbé e jókòó dáadáa, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Ṣíbí kékeré ni kí ẹ lò. Kí ẹ wo gògóńgò rẹ̀ kó lọ sókè, kó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tó bu òmíràn. Tó bá jẹun tán, kó ṣì wà níjòókòó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá sì fi rọ́bà oúnjẹ sí i nímú, ẹ má yọ ọ́ torí pé àánú rẹ̀ ṣe yín.

Àlejò náà ń kó bá a. Ẹni mẹ́wàá á yí bẹ́ẹ̀dì ká, oníkálukú á máa bi í pé, "Ṣé o mọ̀ mí? Ta ni mí?" Ọpọlọ tó farapa tètè máa ń rẹ̀, ariwo sì máa ń da ọkàn rẹ̀ rú. Ìdánwò tó bá ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀ léraléra á wá sọ ọ́ di ẹni tí inú ń bí. Ẹ wọlé ní méjì-méjì, kí ẹ sì dárúkọ ara yín: "Ẹ̀gbọ́n, èmi Bùnmi ni, mo wá kí yín." Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Tó bá ti ń yíjú sí ògiri, ẹ jẹ́ kó sùn.

Ibi tí mo ti rí i tí ilé ti ń tú gan-an ni ti ìwà. Ẹni tó jẹ́ ọmọlúàbí á máa bú ìyá ìyàwó rẹ̀ níwájú àlejò, á ná owó oúnjẹ tán, á sunkún, á sì rẹ́rìn-ín láàárín ìṣẹ́jú kan. Òmíràn ò ní bú ẹnikẹ́ni. Á kàn jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, àfi tí wọ́n bá ní kó lọ wẹ̀. Ìyàwó á ní ó ń ya ọ̀lẹ, ẹbí á ní ayé ló ń ṣe é, ẹlòmíràn á ní wèrè ni, wọ́n á sì gbé ṣẹ́ẹ̀nì wá. Ẹ jọ̀wọ́, apá iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn egungun iwájú orí, wà lára ibi tí ìkóra-ẹni-níjàánu àti agbára láti dáwọ́ lé nǹkan fúnra ẹni ti ń wá. Tí ibẹ̀ bá farapa, ìwà á yí.

Lọ́dún 1848, ní Vermont ní Amẹ́ríkà, ọ̀pá irin kan gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ Phineas Gage wọlé, ó gba àtàrí jáde, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta fún ọ̀nà rélùwéè. Kò kú, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kì í ṣe Gage mọ́. Ohun tí àwọn tó ń pa ìtàn rẹ̀ máa ń fò ni pé ó lọ sí Chile lẹ́yìn náà, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń kó èrò. Iṣẹ́ tó ní àkókò àti ètò ni, ó sì jọ pé ìyẹn ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má bá aláìsàn yín jiyàn tó bá ń bínú. Ẹ yí ọ̀rọ̀ padà. Kí jíjí, wíwẹ̀, oúnjẹ àti ìsinmi máa wà lákòókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ kọ ọ́ sí ògiri. Káàdì ATM, kí ẹlòmíràn bá a tọ́jú rẹ̀. Tó bá ń lu èèyàn, ilé ìwòsàn bí Aro ní Abẹ́òkúta wà fún un. Ibi tí wọ́n ti ń na aláìsàn kọ́.

Gìrì lè dé lẹ́yìn oṣù, kódà lẹ́yìn ọdún. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màálù, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, kí ẹ wo aago: tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn yá. Kò sì gbọ́dọ̀ dá oògùn gìrì dúró fúnra rẹ̀ torí pé ó ti pẹ́ tó ti ṣe é kẹ́yìn. Ọtí ńkọ́, àti paraga? Rárá.

Tí kò bá lè yí ara rẹ̀ padà, ẹ máa yí i ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò má bàa dá sí i nídìí. Apá tó rọ, ẹ má fà á gbé e dìde. Èjìká lè yẹ̀. Kó má gun ọ̀kadà, kó má wakọ̀, títí dókítà á fi sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá ti ń rìn máa ń rò pé òun ò nílò kílíníìkì mọ́. Láti 1962 tí Látúndé Ọdẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn, a ti ní ibi tí à ń lọ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ máa lọ, torí omi lè gbára jọ sínú orí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ẹni tó ti ń rìn dáadáa á wá máa fa ẹsẹ̀, á máa tọ̀ sára, á máa sùn ṣáá, tàbí kó máa bì tí orí sì ń fọ́ ọ. Tí ẹ bá rí èyí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.