Ìlọ́po Méjì Bíríkì, Ìlọ́po Mẹ́rin Táìlì: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Onígun Mẹ́ta Tó Bá Tóbi Sí I

Igun kan wà lẹ́yìn ilé mi tí mo fẹ́ tẹ́ táìlì sí. Onígun mẹ́ta ni: ẹsẹ̀ bàtà 3, 4 àti 5. Nígbà tó yá, mo ní kí n kúkú sọ ọ́ di 6, 8 àti 10. Mo ra bíríkì etí rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó pé géérégé. Mo ra táìlì náà ní ìlọ́po méjì, ìdajì péré ló bò. Bíríkìlà wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí la fẹ́ fi tẹ́ ìyókù?"

Ẹ jẹ́ ká fi bébà wò ó.

Ẹ fi rúlà ya ìlà sẹ̀ǹtímítà 3 àti 4 kí wọ́n pàdé ní igun tó ṣe déédéé bí igun ìwé, kí ẹ sì so orí wọn pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kẹta yóò jẹ́ 5 fúnra rẹ̀. (Òun làwọn bíríkìlà fi ń dán igun ìpìlẹ̀ ilé wò.) Àyíká rẹ̀ ni 3 + 4 + 5, ìyẹn 12. Inú rẹ̀ ńkọ́? 3 lọ́nà 4 jẹ́ 12, ẹ dá a sí méjì: 6.

Ẹ gé mẹ́rin irú rẹ̀. Lórí bébà mìíràn, ẹ ya ti 6, 8 àti 10, kí ẹ wá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀. Mẹ́ta yóò dúró sí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ti ńlá náà ṣe dúró. Àlàfo kan yóò kù láàárín. Ẹ yí orí ìkẹrin sísàlẹ̀, yóò wọ̀ ọ́ ṣinṣin. Ẹ kàn yí i ni o, ẹ má ṣe dojú bébà náà délẹ̀, torí kò ní wọ̀ ọ́.

Ẹ wá wo etí: kékeré méjì péré ló wà lórí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú, mẹ́rin ni. Bí ẹ bá sọ ẹ̀gbẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ ó to kékeré 1, 3 àti 5 ní ìpele ìpele, ó di 9. Iye tí ẹ fi sọ ẹ̀gbẹ́ di púpọ̀ lẹ ó fi sọ àyíká di púpọ̀. Ti inú, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó fi iye náà lù ú: bó bá jẹ́ 3, 3 lọ́nà 3 ni, ìyẹn 9.

Kí 6, 8, 10 má tàn yín jẹ: àyíká rẹ̀ jẹ́ 24, inú rẹ̀ náà jẹ́ 24. Wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ọ̀kan jẹ́ gígùn okùn, èkejì jẹ́ iye táìlì. Bẹ́ẹ̀ sì ni fífi 1 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ìlọ́po rárá: 4, 5 àti 6 kò tilẹ̀ ní igun tó ṣe déédéé mọ́.

Bó bá jẹ́ inú rẹ̀ lẹ fẹ́ sọ di ìlọ́po méjì, ẹ fi 1.414 lu ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí 1.414 lọ́nà 1.414 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2. 3, 4 àti 5 yóò di 4.24, 5.66 àti 7.07. Àyíká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17, inú rẹ̀ sì jẹ́ 12. Ibi tí táìlì ìlọ́po méjì tí mo rà ì bá bò tán nìyẹn, bí a bá yọ ti èyí tó máa ń fọ́ níbi tí wọ́n ti ń gé e kúrò.