Bakitéríà ló tán ọ́síjìn inú pọ́ńdì mi, èmi ni mo sì fún wọn lóúnjẹ

Epìyà tó lé ní 300 ni mo ṣà lójú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Títí di òní, inú ṣì ń bí mi.

Ìgbẹ́ adìẹ tí mo ń dà sí pọ́ńdì ti pọ̀ jù, algae, àwọn ewéko wẹ́wẹ́ inú omi, bo omi, ó ki bí ọbẹ̀ ewédú. Ẹni tó ta oògùn fún mi ní kí n da kọ́pà sọ́féètì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Algae kú lóòótọ́. Ohun tí kò sọ ni pé òkú algae, oúnjẹ bakitéríà ni. Wọ́n ya bò ó bí èèrà ṣe ń ya bo ṣúgà, bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń fa ọ́síjìn inú omi tán. Tí ilẹ̀ bá ṣú, kò sí oòrùn tí ìwọ̀nba ewéko tó kù máa fi pèsè òmíràn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìdájí ni ẹja ń kú. Àwọn àrọ̀ mi yè, torí wọ́n lè wá mí afẹ́fẹ́ lókè omi. Epìyà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí n fa omi ìsàlẹ̀ dànù, kí n da tuntun sí i, ìyẹn ò le. Pọ́ọ̀ǹpù ló dá mi dúró. Ọjọ́ Ajé ni ẹni tó fẹ́ yá mi ti sọ pé “mò ń bọ̀ báyìí.” Ọjọ́bọ̀ ló dé! Mo ti sanwó ṣáájú o.

Kó tó dé, omi ti ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ọ́síjìn ìsàlẹ̀ ti tán, bakitéríà mìíràn tí kò nílò rẹ̀ ti gba ibẹ̀, àwọn ló ń tú gáàsì yẹn jáde. Láti aago mẹ́rin ìdájí ni èmi àti àbúrò mi ti ń fi garawa bu omi, tí à ń dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Òru mẹ́ta gbáko. Apá wa wú, ṣùgbọ́n epìyà bí 80 yè, iṣẹ́ ọwọ́ wa sì ni.

Ká ní mo mọ̀ ni, apá kan pọ́ńdì ni mi ò bá kọ́kọ́ da oògùn sí. Ní báyìí, mo máa ń ki apá bọ omi láràárọ̀: tí àtẹ́lẹwọ́ mi bá ti pòórá kí omi tó dé ìgbúnwọ́, ìgbẹ́ adìẹ dúró nìyẹn. Mo sì ti ra pọ́ọ̀ǹpù tèmi.