Bí mo ṣe fi páálí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Python

Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Ìbàdàn kò tó nǹkan, iná náà kò sì ṣeé fọkàn tẹ̀. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n lè to ètò kékeré jọ ní Python, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, kó sì yé wọn yékéyéké, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Páálí ni mo fi ṣe é, ìwádìí Barbara Ericson ni mo sì tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́, torí ibi tó ti ń bọ̀ ló jẹ́ kí n fọkàn tán ọgbọ́n rẹ̀.

Yunifásítì Georgia Tech ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń ran àwọn olùkọ́ girama lọ́wọ́ láti kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Òun àti ọkọ rẹ̀, Mark Guzdial, jọ kọ ìwé tó ń fi àwòrán àti ohùn kọ́ni ní ètò kíkọ. ACM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, sì fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Karlstrom ní 2010. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni kíka orí àwọn ọmọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tú èsì ìdánwò kọ̀ǹpútà AP wò, ìyẹn ìdánwò onípele yunifásítì tí àwọn ọmọ girama ń ṣe ní Amẹ́ríkà, láti mọ àwọn tó ṣe é àti àwọn tí kò sí níbẹ̀. Nínú ti 2013, kò sí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ṣe é ní Mississippi àti Montana. Ìpínlẹ̀ 11 ni kò ti sí ọmọ aláwọ̀ dúdú kankan. Ẹ kà á dáadáa: wọn ò kùnà o, wọn ò jókòó ṣe é rárá ni.

Ẹ̀yìn èyí ló gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018, tó sì kọjá sí Yunifásítì Michigan. Ìwádìí oyè náà dá lórí ohun tí wọ́n ń pè ní Parsons problem. Dale Parsons àti Patricia Haden, àwọn olùkọ́ ní New Zealand, ló gbé e jáde ní 2006: wọ́n á gé ètò tó pé sí ìlà-ìlà, wọ́n á dà á rú, akẹ́kọ̀ọ́ á wá tò ó padà. Ericson fi tirẹ̀ kún un: bí ọmọ bá há, ẹ̀rọ á yọ ìlà tí kò wúlò kúrò, tàbí kó so ìlà méjì pọ̀. Ìwádìí tí òun, Lauren Margulieux àti Jochen Rick gbé jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn tó to ìlà tètè parí ju àwọn tó kọ ètò fúnra wọn lọ, ohun tí wọ́n kọ́ ò sì dín. Olùkọ́ tí àkókò rẹ̀ kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ mọ ohun tí èyí jẹ́.

Mo gba páálí Indomie lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo fi àlùmọ́gàjí gé e ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, mo sì fi máákà kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí i. Ètò tí mo yàn ń ṣírò owó ọjà. Mo kọ oja = [200, 500, 300] sójú pátákó, àwọn páálí náà sì nìyí:

iye = 0
for owo in oja:
    iye = iye + owo
print(iye)

Iye bẹ̀rẹ̀ láti òdo; ìlà for ń mú owó ọjà níkọ̀ọ̀kan, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń fi í kún iye, print sì ń gbé èsì jáde. Mo fi páálí karùn-ún kún un, tí kò sí nínú ètò: iye = owo. Ìdẹkùn nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé owó tuntun gbọ́dọ̀ wà lórí ti tẹ́lẹ̀ ló máa mú un, 300 nìkan ló sì máa rí gbà níkẹyìn.

Mo pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ohun tó bẹ̀rẹ̀ létí, èkejì fún ohun tó sún sínú, torí Python kì í fi àyè tó wà níwájú ìlà ṣeré: ohun tó bá sún sínú lábẹ́ for ló ń tún ṣe fún owó kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti bẹ́. Ẹgbẹ́ kan sún print(iye) sínú. Mi ò sọ pé wọ́n ṣì í. Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn ṣe kọ̀ǹpútà, kó máa mú owó níkọ̀ọ̀kan, kó sì pe ohun tó bá yẹ kó jáde. Ó pe 200, ó pe 700, ó pe 1000. Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní, "Àǹtí, ẹ dúró! Ìgbà tó bá ṣírò tán ló yẹ kó sọ̀rọ̀." Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa páálí náà padà sétí. Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn tó kù wá wò ó.

Fún ẹgbẹ́ tó há pátápátá, mo fi ọwọ́ ṣe ohun tí ẹ̀rọ Ericson ń ṣe. Mo kọ́kọ́ mú ìdẹkùn kúrò. Nígbà tí ìyẹn ò tó, mo fi téèpù lẹ ìlà for mọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló parí rẹ̀.

Nígbà tí iná dé tí a wọ yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé bí wọ́n ṣe tò ó. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n kó páálí kúrò nílẹ̀, kí wọ́n kọ ètò tó ń wá ọjà tó wọ́n jù. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ fi máákà sàmì sẹ́yìn páálí ètò kọ̀ọ̀kan kí ti ẹgbẹ́ kan má baà dàpọ̀ mọ́ ti òmíràn, ẹ má sì fi ìdẹkùn tó ju ẹyọ kan lọ sínú ti àkọ́kọ́.