Kámẹ́rà Oníhò Abẹ́rẹ́: Bí Mo Ṣe Ya Àgbádárìgì Sórí Fíìmù Láìlo Lẹ́ńsì

Ebu ti bo lẹ́ńsì Pentax K1000 tí àbúrò bàbá mi fi ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní Àgbádárìgì láyé ọjọ́un. Ọ̀rinrin etí ọ̀sà kì í ṣojúure sí dígí. Ṣùgbọ́n ara kámẹ́rà náà ṣì le koko. Ṣọ́tà rẹ̀, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ojú fíìmù, ń ṣí, ó ń pa dé, kò sì nílò bátìrì láti ṣe bẹ́ẹ̀, torí irin àti sípíríìnì ló ń darí rẹ̀. Mítà ìmọ́lẹ̀ nìkan ni bátìrì wà fún. Kàkà kí n máa wá lẹ́ńsì mìíràn kiri, mo pinnu láti lò ó láìsí lẹ́ńsì rárá, kí n fi ihò abẹ́rẹ́ ṣe ojú rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ta kókó. Tààrà ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn. Èyí tó ti òkè ilé wá á gba inú ihò bọ́ sí ìsàlẹ̀ fíìmù, èyí tó ti ilẹ̀ wá á bọ́ sókè, àwòrán á wá dorí kodò nínú òkùnkùn kámẹ́rà. Ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ rí lọ́sàn-án nínú yàrá tí fèrèsé pákó rẹ̀ ní ihò kan ṣoṣo lè ti rí irú rẹ̀ lára ògiri: àwọn tó ń kọjá lójú títì, tí orí wọn wà nísàlẹ̀. Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní Basra, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Nídìí ihò yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí ó bá tóbi jù, ojú ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ lórí fíìmù, àwòrán á ṣe bàìbàì. Bí ó bá kéré jù, ìmọ́lẹ̀ tó ń fara ra etí ihò á fọ́n ká, bàìbàì náà á tún pa dà wá. Lord Rayleigh, onímọ̀ físíìsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ lórí ìwọ̀n tó yẹ ní 1891, ìṣirò tí a ń lò lónìí kò sì jìnnà sí tirẹ̀. Láti ẹnu K1000 dé ojú fíìmù tó nǹkan bíi mìlímítà 46. Ihò tó bá èyí mu ni mìlímítà 0.3.

Mo mú ìdérí oníke tí wọ́n fi ń bo ẹnu kámẹ́rà nígbà tí lẹ́ńsì kò bá sí níbẹ̀, mo fi dìrílì lu àárín rẹ̀. Mo gé agolo Maltina, mo mú ègé kékeré kan nínú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí páálí, mo wá fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tẹ ojú kan lórí rẹ̀, tí mo ń yí i bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, láìjẹ́ kí ó tíì já. Nígbà tí ẹ̀yìn ibẹ̀ wú, mo fi sáńpépà tó kúnná jù ha wíwú náà títí ó fi tẹ́jú, mo tún fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ihò náà fi là. Ẹ má ti abẹ́rẹ́ náà wọlé o: ara abẹ́rẹ́ ìránṣọ nọ́ńbà 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 0.5, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan la nílò.

Báwo lèèyàn ṣe ń wọn ohun tó kéré báyẹn? Mo gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà àdúgbò.

“Bùrọ̀dá, kí lẹ fẹ́ kí n sikáànù lára agolo?”

“Ihò tó wà láàárín rẹ̀ ni, àbúrò. Jọ̀ọ́, fi sí 1,200.”

Ní ìwọ̀n yẹn, dọ́ọ̀tì 1,200 ló wà nínú íńṣì kan, nítorí náà ihò mìlímítà 0.3 gbọ́dọ̀ gba dọ́ọ̀tì 14. A fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, a kà á: 14 ní ìbú, 14 ní òró. Ó rí roboto. Ìyẹn ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀ ti ṣe pàtàkì, torí etí tó bá rí jágajàga á ba àwòrán jẹ́. Mo fi máákà dúdú kun ẹ̀yìn agolo náà kí ó má baà máa dán nínú kámẹ́rà, mo sì fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ inú ìdérí, kí dígí tó ń fò sókè nínú kámẹ́rà má baà gbá a.

Ó wá ku kíka àkókò. Ẹ pín 46 sí 0.3, ó jẹ́ 153. Ojú kámẹ́rà yìí jẹ́ f/153 nìyẹn (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú kámẹ́rà ń kéré sí i), mítà orí fóònù kò sì mọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kí fóònù wọn ìmọ́lẹ̀ fún f/16, mo wá sọ àkókò tó bá pè di ìlọ́po 90, torí ìmọ́lẹ̀ tí f/16 ń gbà tó nǹkan bí ìlọ́po 90 ti ihò wa. Fíìmù tí mo lò ni Ilford FP4 Plus, ISO 125 (ISO ni ìwọ̀n bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó). Òun náà ní ìwà tirẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kán sí i díẹ̀díẹ̀ fún ohun tó ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ó máa ń lọ́ra, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi kún un fún un. Bí ìṣirò bá pe ìṣẹ́jú àáyá 4, ẹ fún un ní 6. Bí ó bá pe 8, ẹ fún un ní 14. 15 á di 30, 30 á di 73, ìṣẹ́jú kan á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìṣẹ́jú 3. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí páálí kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà.

Oòrùn ọ̀sán gangan kò dára fún iṣẹ́ yìí. Kò ní gbà ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ọwọ́ kò sì lè ka ìyẹn dáadáa. Àárọ̀ tí ìkùukùu wà lójú ọ̀run ni mo lọ sí Marina Àgbádárìgì. Mo gbé kámẹ́rà lé àpò kékeré tí mo rọ iyanrìn sí, kọjú sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé yẹn lélẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845. Ní 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò Daguerre, ará Faransé tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya fọ́tò, ní Paris. Ẹgbẹ́ ni ilé yìí àti fọ́tò fúnra rẹ̀, inú mi sì dùn pé ọ̀nà tó dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ ni mo fi fẹ́ yà á.

Ojú ibi tí à ń wò nínú kámẹ́rà ṣókùnkùn nígbà tí ihò bá wà níwájú rẹ̀, nítorí náà ìṣirò ni mo fi yan ibi tí n ó dúró sí: bí ohun tí ẹ fẹ́ yà bá fẹ̀ tó mítà 10, ẹ sún sẹ́yìn tó mítà 13. Mo fi ṣọ́tà sí B (tí á máa wà ní ṣíṣí níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì tẹ̀ ẹ́), mo fi páálí dúdú bo ihò, mo fi wáyà tẹ ṣọ́tà kí ọwọ́ mi má kan kámẹ́rà, mo dúró kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, mo wá ṣí páálí kúrò. Fóònù pe ìdá kan nínú 15 ìṣẹ́jú àáyá. Ìlọ́po 90 jẹ́ 6. Fíìmù ń fẹ́ 10. Mo kà á pé, mo dá páálí pa dà.

Lábẹ́ igi kan létí omi, bàbá apẹja kan ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Mo kí i, mo sọ ohun tí mò ń ṣe.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira títí n ó fi ka mọ́kànlélógún.”

“Ṣé kí n dáṣẹ́ dúró ni?”

“Rárá o, sà. Ọwọ́ yín lè máa bá iṣẹ́ lọ. Orí nìkan ni kí ẹ mú dúró.”

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni etí omi, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Kámẹ́rà oníhò kò mọ jíjìn yàtọ̀ sí ìtòsí: bí ohun tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ kan sí i ṣe máa hàn ni èyí tó wà lókèèrè náà máa hàn. Mo gbé e sílẹ̀ sínú iyanrìn, tí imú ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n fà sí etíkun fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, tí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù wà ní òdìkejì ọ̀sà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn gbà tó ìṣẹ́jú 5.

Ní ti wíwọ́ọ̀ṣì fíìmù, ooru ni ọ̀tá. Nínú àpò dúdú tí wọ́n fi ń yí fíìmù, ọwọ́ á làágùn, fíìmù á máa lẹ̀, nítorí náà yàrá tó ṣókùnkùn biribiri lóru ni mo ti yí i sínú táǹkì. D-76, oògùn tó ń mú àwòrán jáde lára fíìmù, tí mo fi omi là, ìdajì sí ìdajì, ni mo lò: ìṣẹ́jú 11 ní 20°C. Omi ilé wa kò tutù tó bẹ́ẹ̀, mo bá gbé ìgò oògùn náà sínú bàsíà omi oníyìnyín títí tẹmómítà fi sọ̀ dé 20. Mo ń dorí táǹkì kodò lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà omi lásán, lẹ́yìn náà fíksà, oògùn tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ba àwòrán jẹ́ mọ́. Láti fọ̀ ọ́ láìfi omi ṣòfò, ẹ rọ omi kún táǹkì, ẹ dorí rẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ dà á nù. Ẹ rọ òmíràn, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ rọ òmíràn, ó di ogún. Ó parí.

Igun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà gún régé, torí ihò kì í tẹ ìlà bí àwọn lẹ́ńsì kan ṣe ń ṣe. Àwọn ọ̀kadà tó kọjá níwájú rẹ̀ kò fi ojú kankan sílẹ̀. Ọ̀sà tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, imú ọkọ̀ àti Gbẹ̀rẹ̀fù sì hàn bákan náà. Mo tẹ fọ́tò bàbá apẹja, mo gbé e lọ fún un. Ojú rẹ̀ hàn kedere, fìlà rẹ̀ hàn, àwọ̀n hàn. Ó wò ó pẹ́.

“Ọwọ́ mi dà?”

Mo ní, “Bàbá, iṣẹ́ ló ń ṣe.”

Láti 2001, Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹrin ni ọjọ́ Worldwide Pinhole Photography Day, tí ẹnikẹ́ni níbikíbi lè fi fọ́tò kan ṣoṣo tó yà lọ́jọ́ náà ránṣẹ́ sí àtẹ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi ìrántí igi Agíà, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842, ni mo fẹ́ yà fún un. Òjò á ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, ìkùukùu á sì fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí à ń fẹ́. Ẹni tí kámẹ́rà ayé àtijọ́ bá wà nílé rẹ̀ lè wá agolo àti abẹ́rẹ́ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.