Bí nǹkan oṣù bá pẹ́ kó tó dé
Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò mi n'Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, bí nǹkan oṣù yín kò bá wá, ẹ má tíì sáré ra àgbo l'Ọ́jà Ọba. Ẹ kọ́kọ́ fi ìtọ̀ àárọ̀ ṣàyẹ̀wò oyún, torí àgbo mìíràn lè ba oyún jẹ́. Bí inú bá tún ń run yín gan-an, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Tí kì í bá ṣe oyún, ó lè jẹ́ ìrònú, gẹ̀gẹ̀, kéèyàn rù lójijì, tàbí abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí (ìyẹn lè pẹ́ lára lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dá a dúró). Bírò pupa ni mo fi ń yí ọjọ́ tí nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ ká lórí kàlẹ́ńdà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi. Ọjọ́ 21 sí 35 láti ìbẹ̀rẹ̀ kan sí ìbẹ̀rẹ̀ èkejì kò burú. Tó bá di oṣù 3 láìrí i, ẹ gbé kàlẹ́ńdà tiyín tọ dókítà lọ.